Níbo lowó wọn gbà lọ? Bàbá Sàlá àti àwọn òṣèré àgbà tí à ń dáwó fún

Ẹ ti rí irú fídíò yìí rí. Òṣèré àgbà kan jókòó sórí àga, aṣọ ti fẹ̀ jù ú lọ, ẹnìkan tí a kò rí ojú rẹ̀ di fóònù mú níwájú rẹ̀. Ohùn tí a mọ̀ láti kékeré, tó ti pa wá lẹ́rìn-ín, tó ti dẹ́rù bà wá lóru, ohùn náà ló wá ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ̀yin ọmọ Nàìjíríà má jẹ̀ẹ́ kí òun kú. Nọ́ńbà àkáǹtì á yọ nísàlẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìjà á ti bẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ fídíò náà: àwọn kan ń fowó ránṣẹ́, àwọn kan ń béèrè ohun tó fi gbogbo owó tó rí nígbà tí ara ṣì le ṣe.

Bó ṣe rí nìyẹn nígbà àìsàn Babátúndé Omidínà, Bàbá Sùwé wa, kó tó di pé ó kú ní oṣù kọkànlá ọdún 2021. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún John Okafor, Mr Ibu, tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó jáde láyé ní oṣù kẹta ọdún 2024. Orúkọ ń yí padà, èdè tí wọ́n fi ṣeré ń yí padà, ìbéèrè yẹn kò yí padà.

Mi ò bínú sí ìbéèrè náà. Ohun tó ń dùn mí ni pé aláìsàn tó wà lórí ibùsùn la máa ń bi í léèrè, a kì í bi iṣẹ́ tó ṣe. Iṣẹ́ náà ló mọ ibi tí owó gbà lọ. Ẹni tó bá sì fẹ́ gbọ́ ìdáhùn, kó fọkàn bá mi wo ìgbésí ayé Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, ọdún 1936 ni wọ́n bí i. Orin ló kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe eré. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó ní ẹgbẹ́ akọrin háílàìfù kan tí wọ́n ń pè ní Federal Rhythm Dandies, ọ̀dọ́mọkùnrin onígìtá kan sì wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ Sunday Adéníyì. Òun náà ni King Sunny Adé tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Láti ibi orin ni Ọláìyá ti ya bàrá sí eré, tó dá ẹgbẹ́ Aláwàdà sílẹ̀.

Ìgbà náà, orí ìtàgé Yorùbá ti kún fún àwọn àgbà. Hubert Ògúndé ń fi eré bá àwọn alágbára wí, débi pé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1964 nítorí Yorùbá Ronú. Dúró Ládiípọ̀ ń gbé Ṣàngó àti Ọ̀yọ́ àtijọ́ dìde ní Òṣogbo, ó gbé Ọba Kò So dé Berlin ní 1964. Ẹ̀rín ń bẹ nínú eré tiwọn náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tó ń wá, tó sì ń lọ ni, kí ọ̀rọ̀ gidi lè padà. Ọláìyá ní tirẹ̀ gbé ẹ̀rín jókòó sórí àga ọba. Láti ìbẹ̀rẹ̀ alẹ́ dé òpin rẹ̀, òun ni eré.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí i kò ní gbàgbé aṣọ ọrùn rẹ̀. Aago orí tábìlì ló máa ń gbé kọ́ra bí ẹni tó so aago ọwọ́. Awò ojú rẹ̀ tóbi, kò sí dígí níbẹ̀. Táì labalábá tó fi sọ́rùn fẹ̀ kọjá àgbọ̀n rẹ̀. Ìwà bàbá tó ń ṣe náà bá aṣọ mu: arúgbó ahun, tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára obìnrin, tó gbọ́n títí tí ọgbọ́n fi pa á lára. Nígbà tí WNTV, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ṣí ní Ìbàdàn ní 1959, gbé Aláwàdà jáde, ilé tó bá ní tẹlifíṣọ̀n ládùúgbò di ilé gbogbo ayé. Nílé tiwa, bàbá mi a fa àga rẹ̀ sún mọ́ ẹ̀rọ náà kí Bàbá Sàlá tó la ẹnu rárá. Ojú rẹ̀ nìkan ti tó. Títí dòní, tí a bá pe ẹnìkan ní aláwàdà, ẹgbẹ́ Ọláìyá ló kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn ẹni tó ti dàgbà díẹ̀.

Ó yẹ kí a wá wo ọ̀nà tí irú òkìkí bẹ́ẹ̀ fi ń di owó.

Ọkọ̀ ẹgbẹ́ á wọ ìlú ní ọ̀sán. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn á wà lórí rẹ̀, wọ́n á gbé e kọjá láàrin ọjà, wọ́n á máa kéde. Àwọn ọmọkùnrin ẹgbẹ́ á lẹ pósítà mọ́ ògiri. Tó bá di alẹ́, gbọ̀ngàn ilé-ìwé tàbí ti ìlú tàbí ti òtẹ́ẹ̀lì kan ni wọ́n á ti ṣeré. Ìyàwó ọ̀gá, tàbí ẹni tí ọkàn ọ̀gá balẹ̀ sí, á jókòó lẹ́nu ọ̀nà, á máa gbowó, á máa já tíkẹ́ẹ̀tì. Owó tó bá wọlé lẹ́nu ọ̀nà lálẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n á fi san owó gbọ̀ngàn, owó epo ọkọ̀, owó oúnjẹ, tí ọ̀gá á fi fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ohun tó bá fún wọn. Ìyókù ni èrè. Ní ọ̀la, ìlú mìíràn.

Ohun tó fà á nìyẹn tí Ògúndé àti àwọn ọ̀gá mìíràn fi ń fẹ́ àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́ wọn. Àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí kò mọ ìdí rẹ̀. Òbí kì í fẹ́ kí wọ́n pe ọmọbìnrin wọn ní alárìnjó. Èyí tó bá sì gbà láti ṣeré, tó mọ ipa tirẹ̀ tán, ọkọ tó bá fẹ́ ẹ lóde lè ní kó jókòó sílé. Ìyàwó ọ̀gá kò ní lọ. Ilé ni ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ ni ilé, ọkọ̀ kan náà ló ń gbé gbogbo wọn.

Kò sí owó ìfẹ̀yìntì nínú ètò yìí, kò sí ìwé àdéhùn, ṣùgbọ́n ó ń rìn dáadáa nítorí ohun kan: eré kò ṣeé gbé sápò. Ẹni tó bá fẹ́ rí Bàbá Sàlá lójú, àfi kó gba ẹnu ọ̀nà kọjá níwájú obìnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì yẹn.

Nígbà tí fíìmù dé, ẹnu ọ̀nà náà ni wọ́n gbé lọ síbẹ̀. Ọlá Balógun ṣe Àjàní Ògún ní 1976, Adéyẹmí Afọláyan tí a mọ̀ sí Adé Love ló sì léwájú nínú rẹ̀. Ògúndé gbé Aiyé jáde ní 1979, Jáiyésinmi tẹ̀lé e ní 1980. Fíìmù àwọn ará Íńdíà àti ti Ṣáínà ló gba ilé sinimá ìgboro nígbà náà, kò sí ẹni tó ń gba fíìmù Yorùbá lọ́wọ́ olówó rẹ̀ kó bá a gbé e káàkiri. Nítorí náà olówó rẹ̀ ló ń gbé e káàkiri fúnra rẹ̀. Inú páànù ni fíìmù wà, páànù wà nínú ọkọ̀, ọ̀gá ló mọ ibi tó gbé e sí. Tí ọdún Kérésìmesì tàbí Iléyá bá dé, wọ́n á gbé e lọ sí Gbọ̀ngàn Eré Orílẹ̀-Èdè ní Ìgànmú, èrò á tò. Lẹ́yìn ọdún, wọ́n á tún kọrí sí Abẹ́òkúta, Adó, Ìlọrin.

Ọdún 1982 ni Bàbá Sàlá ṣe Ọ̀run Móoru, Ọlá Balógun sì ni olùdarí rẹ̀. Fíìmù ńlá ni, irú téèpù fífẹ̀ tí àwọn ilé sinimá ayé ń lò ni wọ́n fi yà á. Ìtàn ọkùnrin kan ni, tí oníjìbìtì fi ọ̀rọ̀ dídùn gba gbogbo owó òwò lọ́wọ́ rẹ̀, tó wá wá ọlà dé òdìkejì ayé. Owó yíyá wà nínú owó tó fi ṣe é. Bí ìgbà tí àgbẹ̀ yáwó gbin ilẹ̀ ńlá ni. Ó mọ̀ pé tí òjò bá rọ̀ bó ṣe ń rọ̀, òun á san án, á sì ṣẹ́kù.

Kí fíìmù náà tó yí ìlú ká tán, kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti wà nígboro.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá ilé ìyáfídíò ìgbà náà, ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ̀rọ fídíò méjì ló wà lórí pákó, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, wáyà kan so wọ́n pọ̀. A ó ki kásẹ́ẹ̀tì tó ní àwòrán bọ èyí tó wà lápá ọ̀tún, òfìfo bọ tòsì. A ó tẹ bọ́tìnnì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn wákàtí méjì, ó di méjì. Ọmọ tó ń tọ́jú ṣọ́ọ̀bù lè lọ jẹun kó tó dé. Kò gba agbára, kò gba ìmọ̀, kò sì pariwo. Ohun tí ọkùnrin kan yáwó fún, tó fi òkìkí ọdún mẹ́rìndínlógún, ọdún mẹ́tàdínlógún ṣe ìdúró fún, wáyà tí kò gùn ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ ló fà á jáde lọ́wọ́ rẹ̀.

Ta ni kó lọ bá? Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà tó wà nílẹ̀ nígbà náà, ti 1970, ti wà kí ẹ̀rọ fídíò tó wọ ilé wa, kò sì sí àjọ kankan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mú un ṣẹ. Ọdún 1988 ni ìjọba ológun ṣe òfin tuntun, lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n tó dá àjọ kan sílẹ̀ fún un. Ọdún mẹ́fà ti kọjá lórí Ọ̀run Móoru nígbà yẹn. Gbèsè kì í dúró de òfin.

Bàbá Sàlá kò ká ọwọ́ lérí. Ó ṣe Ààrẹ Àgbáyé ní 1983. Ní 1985 ó ṣe Mo Ṣe Bọ́lá Tán, Adé Love ló darí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé ti ń yẹ̀. Ní 1982 náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ. Ìjọba gbé ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé ní 1986, náírà já bọ́, bẹ́ẹ̀ òkè òkun ni wọ́n ti ń ra téèpù fíìmù, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́. Ẹni tó lè ṣe fíìmù kan lọ́dún kò lè ṣe ọ̀kan lọ́dún mẹ́ta mọ́. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn bá gbé kámẹ́rà fídíò. Ní àwọn ọdún 1990, Bàbá Sàlá náà ti wà nínú fíìmù fídíò, lórí irú kásẹ́ẹ̀tì kan náà tó ṣe é lọ́ṣẹ́.

Gbogbo ènìyàn ló máa ń sọ pé olè ló ba Bàbá Sàlá jẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tíì tó. Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo iṣẹ́ náà ní. Ìgbà tí olè wó o, kò sí ọ̀nà mìíràn tí owó lè gbà wọlé: tẹlifíṣọ̀n kì í san owó kún owó fún òṣèré nítorí pé ó tún eré rẹ̀ fihàn, kò sí ẹgbẹ́ tó ń bá wọn gba ìdá tiwọn káàkiri. Ọ̀gá tó sì jẹ́ olówó eré ni mo ń sọ yìí. Ká má tíì dé ọ̀dọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ tó kan ń ṣe ìyá ọkọ tàbí babaláwo.

Ọ̀dọ̀ irú wọn ni ọ̀rọ̀ wà lónìí.

Nígbà tí fídíò gbilẹ̀, agbára kúrò lọ́wọ́ ọ̀gá eré, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn máàkẹ́tà Ìdúmọ̀tà. Máàkẹ́tà ló ń fi owó sílẹ̀, òun ló ń tẹ pósítà àti páálí, òun ló ń pín kásẹ́ẹ̀tì, nígbà tó yá, VCD. Ó san owó lẹ́ẹ̀kan, fíìmù di tirẹ̀. Èyí tí pírọ́dúsà rí gbà kì í tó nǹkan, nítorí náà ló fi ní láti wá ọ̀nà tí kò ní máa san owó gidi fún gbogbo ẹni tó bá yọjú. Ọ̀nà tí àwọn òṣèré Yorùbá rí kò ṣàjèjì sí ẹni tí bàbá rẹ̀ ṣàgbẹ̀. Àáró ni wọ́n ń dá.

Lágbájá ń ṣe fíìmù lọ́sẹ̀ yìí. Mo lọ bá a ṣe síìnì mẹ́rin, ó fún mi ní owó ọkọ̀, tàbí díẹ̀ lé e. Mi ò bínú, nítorí oṣù tó ń bọ̀ fíìmù tèmi ń bọ̀ lọ́nà, òun náà á wá. Bí orí wa ṣe pọ̀ nínú fíìmù kan láìsí owó nílẹ̀ nìyẹn, òun ló sì gbé iṣẹ́ náà dúró ní ọdún tí báǹkì kò fẹ́ rí wa. Mo ka ètò yìí sí ọ̀kan lára ohun tó dára jù tí àwọn òṣèré wa ṣe fún ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dá àáró rí mọ ibi tó ti máa ń já. Ẹni tí ara rẹ̀ le ló lè gbà á padà. Òṣèré tó ti lọ sí oko ogójì ènìyàn, tí àrùn rọpárọsẹ̀ wá dá a dùbúlẹ̀ kí oko tirẹ̀ tó kàn, gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́ kò sí nínú ìwé kankan. Kò ṣeé gbé lọ sí ilé-ìwòsàn. Tó bá wá di fídíò ẹ̀bẹ̀, ojú wa ni pé ó ń tọrọ. Mo rí i bí ẹni tó ń pe àáró rẹ̀, tí kò mọ ọ̀nà mìíràn tí yóò gbà pè é.

Mo dé ìdí eré kan rí, ní agbègbè kan lẹ́yìn Ìkòròdú. Ilẹ̀ ti ṣú, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn ògiri. Ọkùnrin tó ń mójú tó ètò di ìwé àkọsílẹ̀ kan mú, ó ń pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi fóònù san owó. Mo bi màmá kan tó ti ń ṣe ìyá nínú fíìmù fún ohun tó lé ní ogún ọdún bóyá wọ́n fún un ní ìwé kankan tó fọwọ́ sí. Ó ṣí fóònù rẹ̀, ó fi àlẹ́ẹ̀tì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé hàn mí. Ó ní, "Ìwé mi nìyí, ọmọ mi." Ó ká aṣọ síìnì rẹ̀ sínú báàgì, ó lọ wá ọkọ̀.

Àlẹ́ẹ̀tì yẹn ni gbogbo ohun tí yóò rí lórí fíìmù náà, bí ènìyàn mílíọ̀nù márùn-ún bá tilẹ̀ wò ó.

Bẹ́ẹ̀ owó ń bẹ nínú iṣẹ́ náà báyìí. A Tribe Called Judah, tí Fúnkẹ́ Akíńdélé gbé jáde ní 2023, ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa owó tó ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní àwọn sinimá ilẹ̀ wa. Fẹ́mi Adébáyọ̀, ọmọ Adébáyọ̀ Sàlámì, gbé Jagun Jagun lọ sórí Netflix ní ọdún kan náà. Àwọn òṣèré tó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ ti ní ojúlé tiwọn lórí YouTube, níbi tí wọ́n ti ń gbé fíìmù wọn sílẹ̀ láì wo ojú máàkẹ́tà. Ẹnu ọ̀nà ti padà sọ́wọ́ olówó eré, inú mi sì dùn sí i. Olè náà kò kú o. Fíìmù tó wọ sinimá lónìí lè dé orí Telegram lọ́la, wáyà àtijọ́ yẹn ló kàn di aláìrí. Ṣùgbọ́n olówó eré ló ní ẹnu ọ̀nà. Màmá Ìkòròdú kò ní ìdá kankan níbẹ̀.

Òfin ti sọ̀rọ̀ lórí irú wọn. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ti 2022, tí ààrẹ ìgbà náà fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2023, fún òṣèré ní ẹ̀tọ́ lórí ohun tó fi ara àti ohùn rẹ̀ ṣe, ó sì fi ọ̀nà sílẹ̀ láti mú kí wọ́n yọ iṣẹ́ olè kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní AVRS ní àṣẹ láti máa gba owó ẹ̀tọ́ lórí fíìmù fún àwọn tó ni ín. Ìṣòro rẹ̀ ni pé lójú òfin wa, ẹni tó ṣètò fíìmù ló ni fíìmù, àfi tí ìwé àdéhùn bá sọ nǹkan mìíràn. Ẹ̀tọ́ tí òṣèré ní náà, ìwé kan ṣoṣo lè gbé e fún ẹlòmíràn. Ìwé ni gbogbo rẹ̀, ìwé náà gan-an ni kò sí nídìí eré.

Mo gbà pé àwọn kan ná owó wọn ní ìnákúnàá. Mo gbà pé ẹni tó fẹ́ ìyàwó púpọ̀, tó bí ọmọ púpọ̀, bí Bàbá Sàlá ṣe ṣe, ẹrù rẹ̀ á wúwo. Ṣùgbọ́n onínàákúnàá wà nínú àwọn tíṣà àti àwọn ọlọ́pàá pẹ̀lú, a kì í sì rí wọn lórí fóònù lójoojúmọ́, nítorí pé nǹkan kan, bó ti wù kó kéré tó, ń dé ọ̀dọ̀ wọn lẹ́yìn iṣẹ́. Ohun tí mo ń fẹ́ kí TAMPAN, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré wa, àti àwọn pírọ́dúsà ńlá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ kò le: ojú ìwé kan, ní èdè Yorùbá, kí òṣèré tó yọ sí kámẹ́rà, tó sọ ìdá tó máa kàn án bí fíìmù náà bá ń pawó lọ lẹ́yìn ọdún kan, lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Kódà kó jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tí gbogbo òṣèré á jọ pín. Ẹ fi owó àáró náà sínú àkọsílẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ keje oṣù kẹwàá ọdún 2018, ni Bàbá Sàlá kú sí Iléṣà. Ọmọ rẹ̀, Emmanuel Adéjùmọ̀ tí a mọ̀ sí Bóísálà, wà nínú iṣẹ́ eré náà. Àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ọdún tí fíìmù jáde ni òfin wa fi ń ṣọ́ ọ. Ní ti Ọ̀run Móoru, ìparí ọdún 2032 ni ìyẹn. Títí di ìgbà náà, ẹni tó bá rí kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nínú àpótí bàbá rẹ̀, tó gbé e sórí YouTube, tí owó ìpolówó ń wọlé fún un lórí rẹ̀, owó ẹlòmíràn ló ń gbà.